Ọdún mẹ́sàn-án nídìí oúnjẹ ajá: ta ló ń fún òǹkọ̀wé lówó láti yà sí ọ̀nà mìíràn?

Àdùkẹ́Ayétòrò

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe òǹkọ̀wé àdáṣe láti inú yàrá mi ní Ayétòrò, Òṣogbo níbí. Kò sí ọ̀gá, kò sí owó oṣù, iṣẹ́ tí mo bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku, bàtà eré sísá, adójútòfò ọkọ̀ ní ìlú tí n kò dé rí ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ ajá: mo ti kọ̀wé nípa gbogbo wọn. Mo mọ oúnjẹ ajá ju bí mo ṣe mọ ajá lọ. Owó rẹ̀ náà ni mo fi ń san owó ilé, òun ni mo fi tọ́ àbúrò mi jáde ní yunifásítì, n ò lè bú u.

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn oníbàárà mi ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn kọ ọ́ báyìí. Ẹyọ kan tó kù ní kí n máa tún èyí tí ẹ̀rọ kọ ṣe, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń san tẹ́lẹ̀ ló sì fẹ́ máa fún mi.

Mi ò wá sunkún o. Iṣẹ́ náà ti sú mi tipẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni eré orí rédíò ní Yorùbá, èyí tí ọmọdé á máa gbọ́ bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti rẹ aró títí ó fi dàgbà, inú ìtàn tó ń sọ fún wa ni mo ti fẹ́ mú un. Mo ti kọ apá mẹ́ta láti ọdún tó kọjá. Ṣé owó ìrànwọ́ kan wà fún irú èmi, ẹni tó ti ń jẹun nídìí ìwé kíkọ ṣùgbọ́n tó fẹ́ yí ọ̀nà padà? Nínú gbogbo èyí tí mo rí, bí wọn ò bá wá ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti lórúkọ ni wọ́n ń wá. Èmi ò sí nínú méjèèjì.

OníwèéỌláìyá

Ohun tó ń ṣe Àdùkẹ́ ló ń ṣe èmi náà. Mo jókòó, mo ń retí ìdáhùn.

Ẹ̀gbọ́nÒgoOlúwa

Àdùkẹ́, ìbéèrè gidi lo bi. Mo ti rin ọ̀nà yẹn rí, láti ilé ìròyìn bọ́ sí ìtàn àròsọ, ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹ̀bùn kúrò lára ìrànwọ́, torí àwọn èèyàn máa ń pò wọ́n pọ̀. $100,000 tí ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG ń fún òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, ẹ̀bùn ni. Ìwé rẹ á ti jáde kí o tó gbé e débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Kò lè bọ́ ọ nígbà tí o ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ohun tí ìwọ ń wá ni owó tí wọ́n fi ń ra àsìkò fún èèyàn.

Nínú ìyẹn, èyí tí mo mọ̀ dunjú ni ti Miles Morland Foundation. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ lọ́dún tí mo gbé tèmi lọ, £18,000 ni fún ẹni tó bá ń kọ ìtàn àròsọ, wọ́n á pín in san lóṣooṣù fún ọdún kan. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ń fún. Ìwọ náà á máa fi ọ̀rọ̀ 10,000 ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù. Bí ìwé náà bá wá pa owó, ìdá kan nínú márùn-ún á padà sínú àpò tí wọ́n fi ń ran ẹlòmíràn. Èyí dùn mọ́ mi nínú, àjọ dídá ni, kò ní orúkọ míì. Wọn ò mú mi o. Ìṣòro tìrẹ ni pé ìwé ni wọ́n ń náwó lé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe eré rédíò ní Yorùbá.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni Ebedi ní Ìsẹ́yìn, tí Dókítà Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ ní 2010. Má retí owó gọbọi níbẹ̀. Ibi ìgbé ni wọ́n ń fún ọ, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ pé ọṣẹ dà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí o máa bá àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ìlú náà ṣiṣẹ́ lórí ìwé kíkọ. Fún ẹni tó fẹ́ kọ eré ọmọdé, èrè ńlá nìyẹn jẹ́ lójú tèmi.

OníwèéỌláìyá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Ìsẹ́yìn! Ta ni yóò máa gbé ọmọ mi méjèèjì lọ sílé-ìwé?

Ẹ tún gbọ́. Àwọn tó ń kọ Kiswahili ní ẹ̀bùn tiwọn láti 2014, Yunifásítì Cornell wà lára àwọn tó gbé e dúró. Àwa tó ń kọ Yorùbá dà?

ỌmọÒròkíNíLeeds

Níbí, ohun tí Àdùkẹ́ ń wá wà gẹ́lẹ́. Arts Council England ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Develop Your Creative Practice. Láti £2,000 dé £12,000 ni. Wọn ò ní dandan pé kí o gbé nǹkan jáde kí ayé rí i. Akéwì tó fẹ́ kọ́ eré ìtàgé, oníròyìn tó fẹ́ di òǹkọ̀wé ìtàn, wọ́n á fún un ní owó tí á fi jókòó, tí á fi ka ìwé, tí á fi sanwó fún ẹni tí á kọ́ ọ. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀, tó wá dé oríta, ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

Ibi tó ti dùn mí fún ẹ ni pé England lo gbọ́dọ̀ máa gbé. Ẹ má fowó dátà yín ṣòfò lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àmọ́ ẹ jí ìbéèrè wọn lò. Iṣẹ́ wo lo ti ṣe títí di òní? Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yìí, tí kì í ṣe ọdún méjì sí i? Lọ́wọ́ ta lo ti fẹ́ kọ́ ọ? Kí ni yóò yàtọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ lẹ́yìn náà? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu, láìwo ìwé, fọ́ọ̀mù ibikíbi kò lè bà á lẹ́rù.

MáFọwọ́kanOwóMi

Ẹ̀yin ń pè é ní ìrànwọ́, iṣẹ́ kejì lèmi ń pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kún fọ́ọ̀mù kan lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n ò fi gba iṣẹ́ kankan! Ìdáhùn wọn ò ju ìlà méjì lọ, wọn ò sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí n tún dójú ti ara mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kan wọ ímeèlì mi, pé wọ́n ti yan èmi fún gíráǹtì àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, kí n san ₦35,000 owó ìwé. Mo san án. Wọ́n ní ó ku owó orí. Mo san ₦20,000. Wọ́n ní ó ku owó ẹ̀ṣọ́ tí á bá wọn gbé owó náà wá láti pápákọ̀ òfurufú. Mo ti ń wá nọ́ńbà báńkì wọn kí ìyàwó mi tó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ń kọ̀wé jẹun o.

Ẹ̀gbọ́nÒgoOlúwa

Ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé gíráǹtì ti pápákọ̀ bọ̀! Ẹ pẹ̀lẹ́, mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ nípa àsìkò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún Àdùkẹ́ báyìí pé kó má ju ìwé sí ibi ogún. Mú méjì, kí o kọ wọ́n dáadáa.

AlàgbàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti àná ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, àfi bí ẹni pé ìlú míì lẹ ń gbé.

Òṣogbo yìí kan náà ni Dúró Ládiípọ̀ àti Òyìnbó kan, Ulli Beier, ti ṣí ilé iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo ní 1962. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari. Àwọn ará ọjà gbọ́ ọ tán, wọ́n sọ ọ́ di “bí mo bá rí i, ma yọ̀.” Dúró fúnra rẹ̀, tíṣà ni, orin ìjọ ló ń kọ tẹ́lẹ̀. Ó gbé ìlù wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ bínú, ló bá gba ìta lọ, ó di ọ̀kan lára àwọn baba eré ìtàgé Yorùbá. Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó fún alágbàtà oògùn nígbà tó dé ìlú yìí. Jímọ̀ Buraimoh, òun ló ń tanná fún eré Dúró. Ní 1964, Georgina, ìyàwó Beier, kó bébà àti ọ̀dà sílẹ̀ níwájú àwọn tó bá fẹ́. Oníjó di ayàwòrán. Ẹni tó ń tanná mú ìlẹ̀kẹ̀, ó fi ń ṣe àwòrán. Ṣé ẹni tó ń yí ọ̀nà padà lẹ ń wá? Orí wọn la kọ́ orúkọ ìlú yìí lé.

MáFọwọ́kanOwóMi

Bàbá, ẹ ṣeun, àgbà ò ní tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Òyìnbó ló gbé ọ̀dà wá nígbà yẹn. Lónìí, ta ló ń gbé e wá?

AlàgbàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

O ò parọ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tó gbé wá dáadáa. Kì í ṣe owó ló pín fún wọn lọ́wọ́. Àyè ni, bébà ni, àti ojú tó mọ iṣẹ́, tó ń wò ó, tó ń sọ pé “èyí dáa, ìyẹn ò dáa, tún un ṣe.” Àwọn Beier méjèèjì kúrò nílùú ní 1966, iṣẹ́ ò dúró. Ohun tí mo fẹ́ bi ọmọ yìí, ìyẹn Àdùkẹ́, ni pé èwo ló ṣaláìní nínú mẹ́ta yẹn? Ó ní bébà. Ó ní yàrá.

Àdùkẹ́Ayétòrò

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n rò ó dáadáa kí n tó dáhùn.

(Mo ti rò ó. Ojú tó mọ iṣẹ́ ni. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹni kan ò tíì sọ fún mi rí pé ohun tí mo kọ dùn tàbí kò dùn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé “a ti gbà á” tàbí “fi ọ̀rọ̀ 200 kún un.”)

ÌyáBéjìÒkèfìà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, èmi ò mọ Morland, n ò sì mọ ti Leeds. Ohun tí mo ṣe ni mo máa sọ. Ìwé ìpolongo ni mo ń kọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ yà sí ìwé àlọ́, mo dá àjọ oṣù mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn obìnrin ọjà Ìgbọ̀nà, ₦40,000 lóṣù. Mo bẹ olórí àjọ pé kí wọ́n fi mí sí ìkẹwàá. Gbogbo èèyàn ló ń du àkọ́kọ́, èmi ní n ò fẹ́. Ìdí ni pé bí mo bá gbà á lóṣù kejì, ọṣẹ àti aṣọ ni yóò bá lọ. Nígbà tó fi dé ọwọ́ mi, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ láti orí dé ìdí. ₦400,000 yẹn gbé mi fún oṣù mẹ́ta gbáko, n ò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn kankan.

Ìwé náà ò sọ mí di olówó. Ṣùgbọ́n òun ni mo mú lọ́wọ́ nígbà tí mo ń lọ bèèrè owó kejì lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ẹnu lásán.

Àdùkẹ́Ayétòrò

Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbìyànjú láti kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ní Yorùbá ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́, kí n tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣàánú mi:

“Mo jẹ́ òǹkọ̀wé tí ìfẹ́ ìtàn ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré. Mo nígbàgbọ́ pé owó yìí yóò jẹ́ kí àlá mi ṣẹ, kí n lè gbé àṣà àti èdè Yorùbá lárugẹ fún ìran tó ń bọ̀. Mo nílò kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀.”

Ẹ̀gbọ́nÒgoOlúwa

O ní kí n má ṣàánú rẹ.

“Láti kékeré”: ta ni kò fẹ́ràn ìtàn láti kékeré? Yọ ọ́. “Kí àlá mi ṣẹ”: àlá rẹ, ìwọ nìkan ló lá a, ẹni tó ń ka ìwé náà kò sí níbẹ̀. “Gbé àṣà lárugẹ”: bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá kọ ìwé sí wọn láti ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo wọn ló ń gbé àṣà lárugẹ, àṣà á ti gòkè débi pé a ò ní rí i mọ́. Gbólóhùn mẹ́ta yìí, ọmọ Àkúrẹ́ tó ń rọ sìmẹ́ńtì lè kọ ọ́, kò ní yàtọ̀. Ìyá aláró dà? Apá mẹ́ta tí o ti kọ dà? Ọdún mẹ́sàn-án dà?

OníwèéỌláìyá

Mo rò pé ó yẹ kó fi ọdún mẹ́sàn-án yẹn pamọ́. Prince Claus Fund, àwọn ará Netherlands, ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní €5,000, wọn kì í sì í yan ohun tí o máa fi ṣe fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ nídìí iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ní kó wá. Bó bá kọ mẹ́sàn-án síbẹ̀, ó ti ti ara rẹ̀ síta.

MáFọwọ́kanOwóMi

Ìwọ bọ̀dá yìí náà. Ṣé oúnjẹ ajá ni iṣẹ́ ọnà?

ỌmọÒròkíNíLeeds

Ẹ̀rín pa mí o! Ṣùgbọ́n ìdáhùn wà nínú ìbéèrè yẹn. Má parọ́, má sì fi pamọ́. Ọ̀nà méjì ni: ọdún mẹ́sàn-án nídìí ìwé fún ọjà, ọdún kan nídìí eré. Kọ méjèèjì síbẹ̀ kedere, kí wọ́n fúnra wọn sọ bó ṣe bá ìlànà wọn mu. Bí kò bá sì yé ọ, ímeèlì wọn wà, bi wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ètò sílẹ̀ fún nìyẹn. Àwọn tó ń yan èèyàn kì í sá fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ẹni tí kò lè sọ ìdí tó fi ń kúrò ni wọ́n ń sá fún.

Àdùkẹ́Ayétòrò

Mo tún un kọ lánàá di aago méjì òru. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.

“Fún ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ̀wé ọjà fún àwọn oníbàárà òkè òkun, n ò sì fi ọjọ́ kan pẹ́ ju àdéhùn lọ rí. Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ eré orí rédíò kan fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá, nípa ọmọbìnrin kan tó ń sìn lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ aláró ní Òṣogbo. Apá mẹ́ta ti parí. Mo kà á fún ọmọ méje ní àgbàlá wa. Ní apá kejì, mẹ́ta nínú wọn dìde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo rí i pé ibi tí mo ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe aró ni wọ́n ti dìde. Mo mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé; oúnjẹ òòjọ́ mi ni. N ò tíì mọ bí a ṣe ń fi ohùn nìkan mú ọmọdé jókòó. Ohun tí mo fẹ́ fi oṣù mẹ́fà kọ́ nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́nÒgoOlúwa

Ó tán.

ÌyáBéjìÒkèfìà

Bọ́ọ̀lù yẹn ló pa mí. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó rẹ ńkọ́? Nínú ti àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà, agbohùnsílẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ nìkan lo kọ. Ta ló ń bọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà? Ṣé jẹnẹrétọ̀ lo fẹ́ jẹ?

Àdùkẹ́Ayétòrò

Ìtìjú ló mú mi, Ìyá. Ó dà bí ẹni pé mò ń tọrọ owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

ỌmọÒròkíNíLeeds

Àsìkò rẹ ni ohun tó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Kọ ọ́ sókè pátápátá, kó ṣáájú agbohùnsílẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò tó rí i pé o ò fi oúnjẹ síbẹ̀, ohun tí yóò rò ni pé o máa padà sídìí oúnjẹ ajá kí oṣù tó pé.

Àdùkẹ́Ayétòrò

Ó dáa. Oúnjẹ àti ilé, ₦150,000 lóṣù. Epo àti dátà, ₦45,000. Ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ ₦1,170,000. Agbohùnsílẹ̀ tí mo bèèrè iye rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Ọláìyá, ₦80,000. Òṣèré mẹ́ta tí á ka ohùn àwọn èèyàn inú eré, ₦40,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ₦1,370,000. Mo ti yọ kọ̀ǹpútà kúrò, èyí tí mo ní ṣì ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà “k” nìkan ni mo ń fi ìbínú tẹ̀.

Màá gbé ìwé lọ sí Ìsẹ́yìn, màá sì bi àwọn ará Netherlands ní ìbéèrè yẹn. Méjì náà nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti bá Ìyáàfin kan tó ń gba àjọ ní Ayétòrò sọ̀rọ̀. Ìkẹjọ ló kù.

AlàgbàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ọmọ mi, ibi tí àwọn ọmọ ti dìde lọ gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ aró fúnra rẹ rí, tàbí ohun tí ìyá-ìyá rẹ sọ nìkan lo kọ?

Àdùkẹ́Ayétòrò

Ohun tí wọ́n sọ nìkan ni, Bàbá. Wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

AlàgbàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tó ṣì ń lo ewé èlú àti omi eérú. Lọ́jọ́ Sátidé ni yóò ṣí ìkòkò. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, kó tó jẹ́ pé lójú rẹ báyìí, bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí i, á máa di búlúù. Mo ti rí ọmọdé tó pariwo nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Gbé agbohùnsílẹ̀ bọ̀, kó o gba ariwo yẹn.

Àdùkẹ́Ayétòrò

Mi ò tíì rà á, Bàbá. Fóònù mi ni màá lò. Aago mélòó?

AlàgbàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Aago méje àárọ̀. Má wọ aṣọ funfun.